Bí a ṣe ń dáàbò bo kànga agboolé: iṣẹ́ ẹni tó ń fa omi àti iṣẹ́ àdúgbò

Ní agboolé tí mo ń gbé ní Ìlárè, ní Ilé-Ifẹ̀, ewúrẹ́ kan já sínú kànga ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àgbàlagbà márùn-ún ti yí ẹnu kànga náà ká, olúkúlùkù wọn sì ń búra pé òun kọ́ ló fa omi kẹ́yìn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn títí ó fi kan ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ìyá rẹ̀ rán lọ fa omi ìwẹ̀ ní alẹ́ àná. Ọmọ náà kò sẹ́. Ó ní òun yí òkúta tó wà lórí ìdérí kúrò, ṣùgbọ́n òun kò lè gbé e padà. Ìgbà náà ni mo tó fara balẹ̀ wo ìdérí kànga wa: ògbólógbòó páànù ni, tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, tí wọ́n sì gbé òkúta lé kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Òkúta náà wúwo débi pé ọwọ́ méjèèjì ni èmi alára fi ń gbé e. A gbé iṣẹ́ tó ju agbára ọmọ lọ lé ọmọ lọ́wọ́, a sì tún pé lé e lórí, à ń bi í pé kí ló dé tí kò fi ṣe é.

Ẹni tó bá fa omi kẹ́yìn ni kó dé kànga. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ìdérí, ẹni tó ń gba owó ilé, àti àwọn aládùúgbò tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pinnu bóyá kànga náà ṣeé dé tàbí kò ṣeé dé. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe lè tọ́jú kànga kan tí ìgbàgbé ẹnìkan ṣoṣo kò fi ní di ikú ọmọ ẹlòmíràn, láti orí ògiri ẹnu rẹ̀ títí dé ìpàdé àdúgbò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi káàkiri ayé ní ọdún 2021, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 1 sí 4 ni ewu náà sì pọ̀ fún jù lọ. Kì í ṣe òkun àti odò nìkan ni ó ń ṣe é. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri máa ń fẹ́ rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi, orí rẹ̀ sì wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ, nítorí náà bó bá ti tẹ̀ mọ́ ẹnu kànga tí kò ga, orí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Kò sì ní pariwo. Omi kì í fún un láàyè. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè ni pé níbo ni ìyá rẹ̀ wà. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi sú mi. Ìyá tó ń fọ aṣọ, tó gbé ìkòkò kaná, tó sì pọn ọmọ mìíràn sẹ́yìn, kò ní ojú tí yóò fi wo ọmọ kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò bí ìyá kan tó ní i rí.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti kànga náà

Kí ẹ tó pe bíríkìlà tàbí wẹ́dà, ẹ gbé àga lọ sí ìtòsí kànga ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí omi ìdáná àti omi ìwẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ka iye ènìyàn tó ṣí i àti iye tó dé e padà. Nígbà tí mo ṣe èyí ní agboolé wa, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: àwọn tí kò dé e kì í ṣe aláìbìkítà ènìyàn. Ẹni tí wọ́n ti bá gbé garawa omi rù kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, omi yóò dà sí i lára; ẹni tó ń pọnmi lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin sì rò pé kò sí ìdí tí òun fi ní láti dé ohun tí òun ń padà bọ̀ wá ṣí. Láàrin ìlọ àti ìbọ̀ yẹn ni kànga máa ń wà ní ṣíṣí, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù wọn gíga ògiri ẹnu rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan gbogbo etí rẹ̀ láti mọ ibi tó ti ń ya. Ẹ wo ohun tó wà nítòsí tí ọmọ lè gùn: odó tí a dojú rẹ̀ dé, bulọ́ọ̀kù méjì tí a tò léra wọn, garawa tó fọ́ tí a fi ṣe àpótí ìjókòó. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ògiri, ìdérí àti ìkọ́

Ògiri ẹnu kànga kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Mo ti rí èyí tí kò ga ju orúnkún lọ ní àwọn ilé àtijọ́, irú èyí sì burú ju kó má sí ògiri rárá lọ, nítorí pé ó máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ ọ́ lókùnkùn, tí yóò sì wọlé tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé bó bá ṣe ga tó ni yóò ṣe dára tó. Bí ògiri bá ga jù, àwọn ọmọ tí a ń rán ní omi yóò gbé bulọ́ọ̀kù síbẹ̀ láti gùn, bulọ́ọ̀kù náà ni yóò sì di àkàbà fún àbúrò wọn. Nítorí èyí, ìdérí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Bí ẹnu kànga bá fẹ̀, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà da kọnkéré onírin bò ó, kí ó fi ihò onígun mẹ́rin kan sílẹ̀ tí ìfami lè gbà kọjá. Íǹṣì 18 sí 18 tó fún ìfami, ó sì tún tó fún ọmọ láti já sí, nítorí náà ihò náà gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin ṣe férémù rẹ̀, kí ó fi páànù tó nípọn bò ó, kí ó sì fi ínjìsì kàn án mọ́ kọnkéré kí ẹnikẹ́ni má baà lè gbé e lọ síbòmíràn. Bí wẹ́dà bá parí, ẹ má ṣe sanwó tó kù fún un títí ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tí ẹ máa ń rán ní omi yóò fi ṣí i, tí yóò sì dé e pẹ̀lú ọwọ́ kan lójú yín. Bí ọmọ náà kò bá lè ṣe é, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ tún bẹ wẹ́dà náà kó fi táyà àtijọ́ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ lé etí rẹ̀, kí ó má baà fún ọmọ níka.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú tiwa ni ìkọ́ rẹ̀, èyí tí wẹ́dà kan ní Lágere bá wa rò. Ó ri òpó irin kékeré kan mọ́lẹ̀, ó sì fi ìkọ́ kan ṣoṣo sí i lórí. Bí a bá ṣí kànga, ṣéènì ìdérí ni a óò fi kọ́ ìkọ́ náà kí ó má baà padé mọ́ wa lọ́wọ́. Ìfami pẹ̀lú kò ní ibòmíràn tí a lè fi kọ́ ju orí ìkọ́ kan náà lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò fẹ́ jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé inú omi tí gbogbo wa ń lò ni yóò tún padà sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìfami kọ́ ní láti kọ́kọ́ tú ṣéènì, bó bá sì ti tú ṣéènì, ìdérí ti padé nìyẹn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé láti ìgbà náà.

Ní alẹ́, ẹ fi àgádágodo sí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kó wà, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó máa ń tètè jí, èkejì lọ́wọ́ ẹni tí kì í sábà jáde nílé. Mo mọ ilé kan tí kọ́kọ́rọ́ kànga wọn wà lọ́wọ́ onílé tó ń gbé ní Èkó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fọ́ àgádágodo náà.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga náà nílò ìtọ́jú. Ẹrẹ̀ àti ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ ni ó máa ń gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 yí i ká, kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí apá ìta kí omi lè ṣàn lọ, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní Ifẹ̀: àwọn baba ńlá wa fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, àwọn àfọ́kù náà ṣì ń yọrí nínú ilẹ̀ títí di òní, ìtàn ìlú sì sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, tó jẹ́ obìnrin, ni ó pa á láṣẹ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ohun yòówù kó fa àṣẹ náà, gbogbo ìlú ló rí ilẹ̀ gbígbẹ rìn.

Ta ni yóò sanwó?

Ògiri, kọnkéré àti ìdérí jẹ́ ti onílé, nítorí pé ara ilé ni wọ́n; okùn, ìfami, fífọ ilẹ̀ àti dídé e jẹ́ ti àwọn tó ń lò ó. Kí ẹ kọ èyí sínú ìwé àdéhùn nígbà tí ayálégbé tuntun bá ń wọlé. Bí onílé bá ní òun kò ní owó lọ́wọ́, àwọn ayálégbé lè dá a, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀, bí onílé bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, ẹ má ṣe é, ìjà ni yóò dà.

Ìṣòro gidi wà ní ilé ẹbí, níbi tí bàbá tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́, tí àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní òkè òkun, tí gbogbo wọn sì ń pè é ní ilé wa. Irú kànga báyìí ni ó máa ń wà ní ṣíṣí jù, nítorí pé kò sí ẹnìkan tí a lè bi. Olórí ẹbí ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ mú iye owó tí bíríkìlà àti wẹ́dà sọ lọ́wọ́, kí ó má jẹ́ àròyé lásán ni ẹ gbé lọ. Ẹbí tó lè dáwó òkú láàrin ọjọ́ mẹ́ta lè dáwó ìdérí kànga.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, ẹ fi sùúrù rán onílé létí ohun tí òfin wí. Òfin ìwà ọ̀daràn (Criminal Code) tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà sọ ní abala 304 pé ẹnikẹ́ni tí ohun kan bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ohun náà sì lè ṣe ewu fún ẹ̀mí tàbí ìlera ènìyàn bí a kò bá ṣọ́ra lórí rẹ̀, ní láti ṣe ìṣọ́ra tó yẹ, àti pé ohun tó bá tìdí àìṣọ́ra rẹ̀ jáde, òun ni òfin yóò kà sí ẹni tó fà á. Mo ti rí i pé gbólóhùn yìí máa ń jẹ́ kí ènìyàn wá owó tí kò sí lánàá.

Bí a ṣe ń gbé e dé ìpàdé àdúgbò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà sọ fún un ṣe kókó. Bí ẹ bá dìde ní ìpàdé àwọn onílé, ẹ má ṣe dárúkọ ilé kankan. Ẹ dábàá pé kí ẹni mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, lo òwúrọ̀ Sátidé kan láti wo gbogbo kànga àdúgbò pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé alága. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kí onílé dáadáa: “Ẹ kú ilé o, Mọ̀mọ́. A kò bá ti ìjà wá o. Kànga àdúgbò là ń wò kiri, a ti wo ti alága, ó kan tiyín.” Ẹni tí a bá wò tẹ̀lé alága kò ní rò pé òun nìkan ni a dójú sọ.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ nípa kànga kọ̀ọ̀kan: bóyá ògiri rẹ̀ ga tó, bóyá ọmọ lè dé e, àti bóyá ẹnìkan wà tó gbà pé òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn. Ẹ fún wọn ní oṣù kan. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe fi owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ìtanràn bá ṣáájú, àwọn ènìyàn yóò kàn ti géètì wọn mọ́ yín. Ẹni tí kò bá lè san owó àtúnṣe kànga rẹ̀ rárá, irú bí opó tàbí arúgbó tó ń dá gbé, kí ẹgbẹ́ fi owó àpò ṣe é fún un. Lẹ́yìn oṣù kejì ni ẹ lè wá sọ̀rọ̀ ìtanràn fún ẹni tó ní owó, tó kàn ń ṣe orí kunkun.

Ẹ lè pe wolé-wolé pẹ̀lú. Nígbà èwe àwọn òbí wa, bí wọ́n bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń sáré da omi ìkòkò nù nítorí tanwíjí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lónìí wà ní ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ sì lè kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n bá yín rìn. Ojú wọn yóò tún rí ohun tí àwa kò ní rí, irú bí ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga jù. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń béèrè fún ni mítà 30 láàrin méjèèjì.

Nígbà tí a bá fẹ́ fọ kànga

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, a máa ń wá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wọ inú kànga láti kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Ìgbà yìí ni kànga máa ń pa àgbàlagbà. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹtiróòlù sínú kànga, ìbáà ṣe pọ́ḿbù tàbí jẹnẹrétọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, kò sì sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e jáde nínú ihò. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi yẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ àtùpà sọ̀kalẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò kú. Ìyẹn lè fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí a ń mí kò tó, ṣùgbọ́n àtùpà lè máa jó geere nínú carbon monoxide tó lè pa ènìyàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ jìnnà sí ẹnu kànga, ẹ lo páìpù gígùn tàbí garawa, kí ẹni tó ń wọlé sì so okùn mọ́ àyà, kí ẹni méjì tó lágbára di okùn náà mú lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Bí ènìyàn bá já sínú rẹ̀

Ẹ fi okùn tó gùn ju kànga lọ kọ́ ara ògiri nítòsí, kí ẹ so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní-lítà 25 tí a dé ní àdépa. Kẹ́ẹ̀gì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ jù sí ẹni tó wà nínú omi, nítorí pé ó lè gbé e léfòó títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kí ẹnìkan pe 112, kí ẹlòmíràn sáré lọ wá àkàbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí ṣòroó gbọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ẹni ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń fọ kànga bá dákú sísàlẹ̀, gáàsì tó mú un ṣì wà níbẹ̀, yóò sì mú ẹni tó bá lọ yọ ọ́ pẹ̀lú. Okùn tó wà ní àyà rẹ̀ ni kí ẹ fi fà á jáde; ìdí tí a fi so ó nìyẹn.

Bí ẹ bá gbé ẹni tí omi mu jáde, tí kò mí mọ́, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ má sì ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu nígbà 5. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kíákíá, bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan; ẹ fẹ́ èémí méjì, ẹ tún tẹ 30, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró títí yóò fi mí tàbí títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Bó bá jí, tó sì ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣiṣẹ́ ibi lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Kànga tí a ti pa tì

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan nípa kànga tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, èyí tó wà nínú ilé tí a kò tíì kọ́ parí tàbí tí koríko ti bò. Pákó tó ti jẹrà ni wọ́n sábà máa ń fi bo irú rẹ̀, ó sì burú ju kí ó wà ní ṣíṣí lọ, nítorí pé ẹni tó ń bọ̀ kò ní rí i. Ẹ dí i. Ẹ má ṣe fi ààtàn dí i, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà, ohun tí ẹ bá jù síbẹ̀ lè wọ kànga aládùúgbò yín. Òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sí i, kí ẹ wá da ilẹ̀ pupa lé e títí yóò fi kún, kí ẹ sì mú un ga sókè bí ebè. Yóò rì nígbà òjò; tí òjò bá ti rọlẹ̀ tán, kí ẹ padà lọ wò ó, kí ẹ da ilẹ̀ sí i.